Àmì Ẹ̀yìn Igi

Ẹni tó bá ṣèèṣì wọ kíláàsì náà láàárọ̀ lè rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́sàn-án kún ilẹ̀, oníkálukú lórí ẹní kékeré tirẹ̀, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó ń bi ẹnìkejì ní ìbéèrè. Àga kì í dún. Bí eṣinṣin bá wọlé, òun nìkan ni yóò máa sọ̀rọ̀ títí tí yóò fi ríbi jáde. Láàárín wọn ni tíṣà wọn máa ń dúró sí, ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn, àgbọ̀n lókè, bí ọlọ́pàá tí wọ́n ní kó ṣọ́ báńkì. Ó gbà pé ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, yóò yínmú sí onítọ̀hún, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Má-fọwọ́-kàn-án, nítorí gbólóhùn tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Má fọwọ́ kàn án, ọwọ́ rẹ dọ̀tí. Má fọwọ́ kàn án, o ò tíì mọ̀ ọ́n lò. Má fọwọ́ kàn án, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tò ó ni. Ilé-ìwé Montẹsórì sì ni ilé-ìwé ọ̀hún o, irú èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí kí ọmọ lè máa fọwọ́ kan nǹkan. Níbẹ̀, ọmọ ni yóò dìde fúnra rẹ̀, yóò lọ sídìí pẹpẹ, yóò mú iṣẹ́ tó wù ú, yóò tẹ́ ẹní rẹ̀, yóò ṣe iṣẹ́ náà títí tí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò sì dá a padà síbi tó ti mú un. Kò sí ẹgba, kò sí ẹ̀bùn, kò sí ipò kìn-ín-ní. Iṣẹ́ tíṣà kò ju kó fi nǹkan han ọmọ lẹ́ẹ̀kan, kó sún sẹ́yìn, kó máa wò ó. Wọ́n kọ gbogbo èyí sára ògiri àbáwọlé, Má-fọwọ́-kàn-án sì mọ̀ ọ́n sórí bí ẹni mọ àdúrà. Kò kàn gbà á gbọ́ ni.

Ilé alágbàfọ̀ ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ fún àwọn ará àdúgbò, omi ọṣẹ sì ti hun awọ ọwọ́ ìyá náà jọ débi pé ọwọ́ ọ̀hún kì í tẹ́ mọ́, ì báà jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Ọmọbìnrin ìyá yìí ti ń fi ojú burúkú wo ọwọ́ yẹn láti kékeré. Lọ́jọ́ tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ó búra pé omi ọṣẹ kò ní kan òun mọ́, ó sì mú ìbúra náà ṣẹ, nítorí pé ẹlòmíì ló ń fọ abọ́ fún un nílé di òní olónìí. Ìyá náà ṣì wà láyé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Má-fọwọ́-kàn-án ọkùnrin. Ó máa ń kí i lórí fóònù. Ìgbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi nìkan ló ń fi ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá àgbà náà, kí òun lè ráyè sinmi.

Obìnrin tó ni ilé-ìwé, ẹni tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá-ilé-ìwé, kò mọ̀ ju Má-fọwọ́-kàn-án lọ. Bàtà ló ń tà tẹ́lẹ̀. Ó gbọ́ pé orúkọ Montẹsórì ń fa olówó wọlé, ló bá ní kí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kọ ọ́ sí gééètì. Ká má sì purọ́, àwọn òbí tó ń wọ gééètì náà kò sàn ju òun náà lọ. Wọ́n á ní, "Ọmọ mi wà ní Montẹsórì," bí ẹni pé òkè òkun ni wọ́n rán ọmọ lọ. Bí wọ́n bá wá bá ọmọ ọ̀hún níbi tó ti ń nu tábìlì, ojú wọn á korò, wọ́n á bèèrè bóyá nítorí èyí làwọn ṣe mú un wá. Irú wọn ló yẹ Má-fọwọ́-kàn-án. Wọ́n ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti ìbọ̀sẹ̀ funfun, ó sì ń fún wọn ní méjèèjì.

Báwo ló ṣe ń mú kí àwọn ọmọ ṣiṣẹ́ láìsí ẹgba, láìsí ẹ̀bùn? Orí ló ń mì. Ọmọ tó bá parí iṣẹ́ yóò wá dúró níwájú rẹ̀, òun yóò wo iṣẹ́ náà láti òkèèrè, yóò mi orí lẹ́ẹ̀kan, tàbí kó má mì ín. Kò pẹ́ tí gbogbo kíláàsì fi ń ṣiṣẹ́ nítorí orí yẹn. Ọmọ tó gba orí mímì á sáré lọ mú iṣẹ́ mìíràn, kì í ṣe pé iṣẹ́ náà wù ú, orí mìíràn ló ń wá. Èyí tí orí kò bá mì fún á jókòó sójú kan, á máa ka ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà kan tí ibà dá Má-fọwọ́-kàn-án dúbúlẹ̀, tíṣà tó bá a di kíláàsì mú sọ fún un nígbà tó padà dé pé àwọn ọmọ náà kò ṣe nǹkan kan rárá, pé ńṣe ni wọ́n jókòó tí wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà. Ẹlòmíì á gbọ́ irú èyí, ojú á tì í. Inú ti Má-fọwọ́-kàn-án dùn ṣìnkìn. "Ẹ rí i?" ló ń wí fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. "Láìsí èmi níbẹ̀, wọn ò lè dá nǹkan kan ṣe."

"Ọmọ kan ṣoṣo ló ṣiṣẹ́," ni tíṣà náà fi kún un. "Ọmọbìnrin kan tó fọ gbogbo tábìlì, tó fọ ẹsẹ̀ àga, tó tún fọ ewé òdòdó ojú fèrèsé."

Má-fọwọ́-kàn-án ní kó fi ìyẹn sílẹ̀. Ọmọ òun ni.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọmọ náà, kíláàsì kan ṣoṣo ló sì wà fún irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe gbà kí ìyá máa kọ́ ọmọ. Nínú gbogbo nǹkan tó wà lórí pẹpẹ, igun omi ló wu ọmọ yìí jù. Igun kan ni, níbi tí bésìn kékeré wà, àti ọṣẹ, àti kànrìnkànrìn, àti aṣọ ìnuwọ́ tí wọ́n fi kọ́ ìṣó. Ọmọ náà á bu omi débi ìlà, á po ọṣẹ, á bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, ahọ́n rẹ̀ á yọ díẹ̀ láàárín eyín, kò ní gbójú sókè, ì báà jẹ́ òrùlé ló ń jò. Bó bá parí, á fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú tábìlì tó fọ̀ náà wò, á tún fọ ibi tí kò bá dán. Kì í wá gba orí mímì. Òun nìkan ni kì í wá.

Ohun tó sì ń dun Má-fọwọ́-kàn-án nìyẹn. Ó ti sá fún omi ọṣẹ títí dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ọṣẹ tún ti ara ọmọ wọ ilé tọ̀ ọ́ wá. "Alágbàfọ̀, o tún ti débẹ̀," ló máa ń wí bó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun náà, imú rẹ̀ á sì yí díẹ̀. Ẹyin lohùn, kò pẹ́ tí gbogbo kíláàsì fi gbé e, tí kò sí ẹni tó pe ọmọ náà lórúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Ó dá a lójú pé olódo lọmọ òun. Kò sí bí ọ̀bẹ ṣe lè mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ti Má-fọwọ́-kàn-án kò tilẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, Ìyá-ilé-ìwé kọ́ ilé tuntun sí òdìkejì títì, ó sì ń wá ẹni tí yóò ṣe olórí rẹ̀. Ẹni méjì ló wò: Má-fọwọ́-kàn-án àti tíṣà àwọn ọmọ ńlá lókè, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ariwo. Sálúbàtà ni Bàbá Ariwo ń wọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ áyọ́ọ̀nù, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì máa ń jiyàn láti àárọ̀ títí wọ́n fi ń lọ ilé, lórí bí òjò ṣe ń gòkè kó tó rọ̀, lórí ẹni tó kọ́kọ́ ka iye. Bí ohùn wọn bá ń já bọ́ láti òkè, Má-fọwọ́-kàn-án á wo àjà, á pòṣé. "Wọ́n ti ń ná ọjà lókè yẹn," ni yóò wí. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì pé òun ni wọ́n máa mú. Ó ti yan aṣọ fèrèsé ọ́fíìsì náà lọ́kàn, ó ti yan àga tó ń yí, ó ti yan ibi tí àwọn òbí yóò jókòó sí tí wọ́n bá ń dúró dè é. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ìyá-ilé-ìwé ní ìyá àgbàlagbà kan ń bọ̀ láti ẹgbẹ́ tó ń kọ́ irú àwọn tíṣà bẹ́ẹ̀, yóò wo kíláàsì méjèèjì, ohun tó bá sọ labẹ gé.

Ni Má-fọwọ́-kàn-án bá bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀, ibẹ̀ ló ti ṣe ohun tí òmùgọ̀ ènìyàn kò lè ṣe, àfi ọ̀mọ̀wé.

Igi kan wà lórí pẹpẹ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ìdá. Igi róbótó ni, oríṣiríṣi. Ọ̀kan wà lódindi, wọ́n la ọ̀kan sí méjì, wọ́n gé ọ̀kan sí mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé èyí tí wọ́n gé sí mẹ́wàá, kálukú nínú ihò tirẹ̀ lára pákó. Ọmọ á yọ ìdajì kan kúrò nínú ihò, á wá máa wá àwọn wẹ́wẹ́ tó lè kún ibẹ̀. Bó bá kó méjì sí i nínú onímẹ́rin, á kún dẹ́dẹ́. Bó bá lọ mú onímẹ́ta, ọ̀kan á kéré, méjì kò ní wọlé. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ó ṣì í. Igi náà ló ń sọ ọ́ fún un, kì í pariwo, kì í bú u, kì í sì rẹ̀ ẹ́. Ọmọ á ṣì í, á tún ṣì í, títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi máa mọ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ.

Má-fọwọ́-kàn-án kò lè fara da àṣìṣe. Lójú tirẹ̀ ìdọ̀tí ni, ẹ̀sín sì ni níwájú àlejò. Nítorí náà ó mú máákà, ó jókòó lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ, ó fi àmì sẹ́yìn igi kọ̀ọ̀kan: búlúù fún àwọn tó máa kún ìdajì, pupa fún àwọn tó máa kún ìdá mẹ́ta, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọdé kì í pẹ́ mọ ọ̀nà àbùjá. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo wọn ti ń yí igi dojú dé, wọ́n ń to búlúù mọ́ búlúù, ihò ń kún, kò sí èyí tó ń ṣẹ́kù, orí sì ń mì léraléra. Inú yàrá yẹn, tíṣà méjì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun àti igi. Ó ti fi máákà di èyí tó mọ iṣẹ́ lẹ́nu.

Kò fi mọ síbẹ̀. Ohun tó ń wu ọmọ ló yẹ kí ọmọ mú, àbí? Ó yan ohun tí yóò wu kálukú fún un. "Ìwọ, ohun tó máa wù ẹ́ lọ́jọ́ náà ni igi ìdá," ló wí fún ọmọ oníbúrẹ́dì, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù. "Ìwọ, àwòrán ayé ló máa wù ẹ́. Ìwọ, ìwé lo máa kà, kó o máa ṣí i díẹ̀díẹ̀." Nígbà tó kan ọmọ tirẹ̀, ó ní ohun tí yóò wù ú ni ìlẹ̀kẹ̀ gígùn, èyí tí wọ́n fi ń ka iye dé ẹgbẹ̀rún, kó lọ tẹ́ ẹ sí igun lẹ́yìn, kó kọjú sí ògiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀, ó dúró lójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé gééètì, ó tún kọ́là aṣọ ọmọ náà ṣe.

"Gbọ́ mi dáadáa," ló wí. "Màmá ẹ ò sí níbí lónìí. Tíṣà ló wà níbí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá."

"Kí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ?"

"Mo gbọ́, Tíṣà."

"Bí ẹnikẹ́ni bá bi ẹ́ pé ta ni màmá ẹ ńkọ́?"

"Màá ní wọn ò sí níbí lónìí."

"Ọmọ dáadáa. Kí wọ́n má baà ní mò ń ṣojúsàájú ni."

Irọ́ ni. Ojúsàájú kọ́. Ohun tó ń sá fún ni kí ìyá àgbàlagbà náà má wo ọmọ tí apá aṣọ rẹ̀ máa ń tutù yìí, kó wá sọ pé ọmọ tíṣà nìyẹn.

Ìyá àti ọmọ dé kí àwọn ọmọ yòókù tó dé. Má-fọwọ́-kàn-án bọ́ sí ọ́fíìsì Ìyá-ilé-ìwé, àwọn méjèèjì sì jọ sọ̀rọ̀ aṣọ fèrèsé títí. Nígbà tó padà dé kíláàsì, òórùn ọṣẹ ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ dúró nídìí pẹpẹ, apá aṣọ méjèèjì ti rin.

"Kí lò ń fọ̀?"

"Igi ni, Tíṣà."

"Igi wo?"

Ọmọ náà la ẹnu, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn mọ́tò dún níta, àwọn ọmọ yòókù sì ti ń wọlé. Má-fọwọ́-kàn-án wo pẹpẹ, ó rí i pé ohun gbogbo wà létòlétò, ó tilẹ̀ ń dán ju ti àná lọ. Ó pòṣé, ó fi áńkáṣífù nu ẹ̀kán omi kan kúrò. "Lọ jókòó sídìí ìlẹ̀kẹ̀ ẹ," ló wí.

Àlejò wọlé. Ìyá kúkúrú kan ni, bàtà pẹlẹbẹ ló wọ̀, ó gbé àpótí ìjókòó kékeré tirẹ̀ dání. Má-fọwọ́-kàn-án wò ó láti òkè délẹ̀, ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé ṣé èyí ni wọ́n ní kó wá wo òun. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àkọ́sórí nípa òmìnira ọmọ.

"Ẹ ṣé, tíṣà," ni ìyá náà wí. "Ẹ jẹ́ kí n máa wò ó." Ó gbé àpótí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó kó ọwọ́ lé itan, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

Àwọn ọmọ dìde, oníkálukú lọ mú ohun tí wọ́n ti ní yóò wù ú. Kò sí ariwo. Má-fọwọ́-kàn-án gbé àgbọ̀n sókè. Ọmọ oníbúrẹ́dì tẹ́ ẹní, ó gbé igi ìdá kalẹ̀ ní àárín gbùngbùn yàrá, ó yọ ìdajì kúrò nínú ihò pẹ̀lú ìka méjì bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó mú igi wẹ́wẹ́ kan, ó yí i dojú dé. Ó wò ó. Ó mú òmíràn, ó yí òun náà. Ó kó gbogbo onímẹ́rin sílẹ̀, ó kó onímẹ́fà, ó ń yí wọn síwá sẹ́yìn bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú koríko. Níkẹyìn ó dìde, ó lọ dúró níwájú tíṣà, igi lọ́wọ́. Ọmọ méjì tó wà nídìí igi ìdá kejì, tí àwọn náà kò rí àmì, dìde tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń ka ìwé rí i pé ènìyàn ti ń tò, wọ́n rò pé orí ti ń mì, wọ́n pa ìwé dé, wọ́n wá tò sẹ́yìn wọn. Kò pẹ́ tí ìlà fi kún àárín yàrá, gbogbo ojú lókè, gbogbo wọn ń wo iwájú orí ènìyàn kan ṣoṣo.

Òórùn ọṣẹ tún kan Má-fọwọ́-kàn-án nímú. Ìgbà yẹn ló tó yé e irú igi tí ọmọ rẹ̀ fọ̀ láàárọ̀.

Ìyá àlejò ti dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ oníbúrẹ́dì. "Kí lò ń wá lẹ́yìn ẹ̀?"

"Àmì ni, mà."

"Àmì wo?"

"Èyí tó máa ń sọ èyí tó máa kún un. Kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Bí kò bá wá sí àmì ńkọ́? Kí lo máa ṣe?"

Ọmọ náà ronú sí i dáadáa, nítorí ọmọ gidi ni. "A máa dúró de tíṣà," ló wí.

Ohun tí ọmọdé kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ yìí, bí wọ́n bá gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́, ẹjọ́ ti parí. Ṣùgbọ́n kàkà kí Má-fọwọ́-kàn-án dákẹ́, ìbínú gbé e. Òun tó ti fi ọdún mélòó kan kọ́ àga kó má dún, òun gan-an ló kígbe mọ́ kíláàsì. "Alágbàfọ̀!"

Ọmọ náà dìde nígun, ó fi ìka kan tẹ ibi tó ka ìlẹ̀kẹ̀ dé kó má baà sọnù.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Tíṣà."

"Kí ló dé tó o fi fọ̀ wọ́n?"

"Ẹ̀yìn wọn dọ̀tí. Mo rò pé ẹnì kan ló fi máákà bà wọ́n jẹ́. Àlejò sì ń bọ̀."

Ìyá àlejò gbé àpótí rẹ̀ lọ sí igun lẹ́yìn, ó jókòó níwájú ọmọ náà, ojú wọn wá ṣe déédéé. "Nígbà tó o fọ̀ wọ́n tán, tí gbogbo wọn ti dàpọ̀ nínú omi, báwo lo ṣe mọ ilé oníkálukú?"

"Wọ́n máa ń sọ ọ́," ni ọmọ náà wí. "Èyí tí kì í bá ṣe ilé ẹ̀, kò ní wọlé. Tàbí kó máa mì." Ó wo ìyá náà bóyá ó fẹ́ gbọ́ sí i, ó sì rí i pé ó fẹ́. "Àwọn kan wà tí kì í bá ìdajì ṣe rárá. Onímẹ́ta, onímárùn-ún, oníméje, onímẹ́sàn-án. Mo ti wò wọ́n títí. Tó bá jẹ́ oníméje, mẹ́ta kéré, mẹ́rin pọ̀. Mi ò tíì mọ ìdí ẹ̀."

Má-fọwọ́-kàn-án la ẹnu láti sọ ìdí rẹ̀, kó lè hàn pé òun mọ nǹkan kan lónìí.

"Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà," ni ìyá àlejò wí láìbojú wẹ̀yìn, "ẹ má sọ fún un." Ó tún kọjú sí ọmọ náà. "Ta ni màmá ẹ?"

Ọmọ náà wo bàtà rẹ̀. Gbogbo kíláàsì ló mọ ìdáhùn. Ọmọ oníbúrẹ́dì mọ̀ ọ́n, àwọn tó tò sí ìlà mọ̀ ọ́n, ó sì ń yún wọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ ni wọ́n: gbogbo wọn yíjú sí Má-fọwọ́-kàn-án, wọ́n ń dúró kó mi orí kí wọ́n tó sọ ọ́. Ó ní àyè. Ó ní àyè dáadáa. Ó ní àyè tó fi gbọ́ ohùn àwọn ọmọ Bàbá Ariwo lókè tí wọ́n ń jiyàn, tí wọ́n sì parí iyàn náà. Orí kò mì.

"Wọn ò sí níbí lónìí, mà," ni ọmọ náà wí.

"Ó dáa." Ìyá àlejò dìde, ó gbé àpótí rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró lọ́dọ̀ tíṣà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ bá mi kí ìyá rẹ̀ tí wọ́n bá wá mú un. Ẹ ní mo ní wọ́n ṣeun gan-an lórí ọmọ yẹn."

"Wọ́n á gbọ́, mà," ni Má-fọwọ́-kàn-án wí.

Nígbà tó di ọ̀sán, Ìyá-ilé-ìwé ránṣẹ́ pè é. Kò yí ọ̀rọ̀ náà po, nítorí ẹni tó ti ta bàtà rí mọ bí a ṣe ń sọ fún ènìyàn pé èyí kò bá a mu. Bàbá Ariwo ló ni ilé tuntun. Ní ti Má-fọwọ́-kàn-án, ìyá àlejò ní kò tíì mọ bí a ṣe ń wo ọmọ. Títí sáà yóò fi parí, kó máa lọ jókòó ní kíláàsì Bàbá Ariwo lórí àpótí kékeré, ọwọ́ lórí itan, kó máa wò, kó má sọ̀rọ̀, kó má sì mi orí fún ẹnikẹ́ni. Tíṣà tó bá a di kíláàsì mú nígbà àìsàn ni yóò gba àwọn ọmọ rẹ̀. Ó wá ẹni tí yóò fi ojú burúkú wò nínú ọ́fíìsì náà, kò rí, àfi aṣọ fèrèsé.

Wọ́n ṣíwọ́, ó sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Wọ́n kọjá gééètì aláwọ̀ wúrà, wọ́n kọjá ọ̀kánkán ilé tuntun tí àwọn kan ti ń fi ọ̀dà kùn. Má-fọwọ́-kàn-án ń dúró kí ọmọ náà pe òun ní Màmá, kí òun lè rí ibi bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ọmọ náà kò pè é ní nǹkan kan. Wọ́n dé etí títì, wọ́n dúró kí mọ́tò kọjá tán.

"Tíṣà," ni ọmọ náà wí.

"Ta ni tíṣà ẹ? Ṣé ilé-ìwé la wà ni?"

"Ẹ ní wọn ò sí níbí lónìí. Òní ò tíì parí."

Kò sí ìwọ̀sí nínú ohùn rẹ̀. Ó sọ ọ́ bó ṣe sọ ti oníméje, bí ohun tó ti wò títí tó sì rí i bẹ́ẹ̀. Mọ́tò kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e.

"Ìyá yẹn ní kí ẹ kí màmá mi," ni ọmọ náà tún wí. "Mo gbọ́ ọ. Tí ẹ bá rí wọn, ṣé ẹ máa sọ fún wọn?"

Ojú ọ̀nà ti mọ́, ó yẹ kí wọ́n sọdá. Má-fọwọ́-kàn-án na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú. Ó tutù, ọṣẹ sì ti hun awọ rẹ̀ jọ.